Ọgbà Onígun Márùn-ún

Pyo Byeong-mun ló jókòó tì mí ní ọ́fíìsì àwọn tíṣà láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì lè búra pé mi ò rí ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ yá gágá. Kì í ṣe pé àìsàn ń ṣe é o. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Bó bá dé láàárọ̀, á bọ́ bàtà, á ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì rọ́bà rẹ̀ tó ti jẹ lápá kan, á da ọ̀rá kọfí oníṣúgà sínú omi gbígbóná, á fi ọ̀rá yẹn kan náà rò ó, á wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Mo máa ń sọ fún un pé, "Tíṣà Pyo, ẹ jẹ́ kí agogo kọ́kọ́ lù ná kó tó rẹ̀ yín." Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún mí.

Èmi ni Tak Eun-suk. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀, òkun àti ojú ọjọ́ ní ilé ìwé girama àwọn obìnrin kan níbí ní Tongyeong, ìlú etíkun wa. Ẹnu mi kì í dákẹ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Báyọ́lọ́jì ni Pyo ń kọ́ wọn ní tiẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ lọ sí Namhae, níbi tí bàbá Pyo fi oko ọsàn yuja sílẹ̀ fún un, gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí sì ń tọrọ láyé kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kó fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò, kó lọ máa já ọsàn rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ní bí kò bá ti sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á yọ̀ǹda rẹ̀ ní ìparí oṣù kejì. Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í rẹ̀ ẹ́ láti kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn tó ń bá àìsàn jà nínú ara. Níbòmíràn, tíṣà á ya ọmọ ogun tó gbé idà àti asà sójú pátákó, àwọn ọmọ á kọ́ orúkọ wọn sórí, ó parí. Pyo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ kan tó ti kọ́ rí, tó ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Jinju báyìí. Ẹ̀rọ kan wà lọ́hùn-ún tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ gba ojú ihò tín-ín-rín kọjá, tí àwọn ọmọ ogun yẹn á máa tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ á tan iná sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, á wọn bó ṣe tóbi tó àti bí inú rẹ̀ ṣe rí págunpàgun tó, á wá fi àmì tíntín kan dúró fún un lórí ìwé. Ẹni tó bá tóbi, àmì rẹ̀ á bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹni tí inú rẹ̀ bá rí págunpàgun, tiẹ̀ á bọ́ sókè. Nígbà tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan bá fi máa tán, àwọn àmì ti ṣù jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí eṣinṣin lára ẹja gbígbẹ.

Ìwé yẹn ni Pyo máa ń pín fún àwọn ọmọ. Ó ti sọ àwọn ọmọ ogun náà lórúkọ tó rọrùn: àwọn kéékèèké tó ń rántí ojú ọ̀tá, ó pè wọ́n ní arántí, àwọn ńláńlá tó ń gbé ọ̀tá mì, ó pè wọ́n ní agbémì. Iṣẹ́ tó máa ń fún wọn kò ju pé kí wọ́n fa ọgbà yí àwọn arántí ká, kí wọ́n sọ ìdá tí wọ́n jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi fa ọgbà náà síbẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń bi í ní ìbéèrè kan náà pé, "Tíṣà, níbo gan-an ló yẹ ká fà á sí?" Lọ́dọọdún lòun náà á sì dáhùn pé, "Ibi tí ojú rẹ bá ní kó wà. Ṣáà ti sọ ìdí ẹ̀ fún mi."

Ẹ wo àwọn ọmọ tó jẹ́ pé látìgbà tí wọ́n ti ń wọ aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ti ń mú ìdáhùn kan nínú márùn-ún. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ojú ara wọn wò, ó ti dá wọn lóró. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mú ìkọ̀wé dání, wọ́n á máa yọjú wo ìwé ọ̀rẹ́ wọn. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi gbé ìwé náà lọ sí ilé lẹ́sìn, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún àfikún ẹ̀kọ́.

Ọ̀gá Gam ló ni ilé lẹ́sìn yẹn, ní òkè ọjà ẹja, níbi tí gbogbo ìyá tó bá fẹ́ kí ọmọ òun dé ibi gíga ti ń rán ọmọ lọ lálaalẹ́. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni Gam. Ó mọ̀wé, kì í jalè. Àmọ́ kò fẹ́ràn kí nǹkan wà láìní ìdáhùn. Ó wo ìwé àwọn àmì náà, ó fa ọgbà tiẹ̀ sí i, onígun márùn-ún, ó kọ nọ́ńbà ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà, ó sì ní kí àwọn ọmọ kọ́ nọ́ńbà yẹn sórí bí ẹni ń kọ́ nọ́ńbà fóònù ilé. Ọgbà náà kò burú, kí n má parọ́. Fún ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ le tó wà lórí ìwé yẹn, ó dára gan-an.

Lọ́jọ́ tí Pyo gba iṣẹ́ àwọn ọmọ náà, ó pè mí sójú fèrèsé. Ó to ìwé wọn léra lórí díńgí fèrèsé, oòrùn àárọ̀ sì tàn wọ inú wọn. Ọgbà kan ṣoṣo ni mo rí. Gbogbo kíláàsì, igun márùn-ún kan náà, bí ẹni pé ọwọ́ kan ló fà á.

Mo ní, "Gam ti gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n má baà kó ìmọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fa ìwé kan yọ lábẹ́ gbogbo wọn. Ọgbà tó wà lórí èyí rí wúruwùru bí ọ̀dùnkún tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ti Ok Da-yeong nìyí. Òun kì í lọ sí ilé lẹ́sìn." Ó ká àwọn yòókù, ó lọ gbórí lé tábìlì rẹ̀, ó sùn títí agogo fi lù.

Da-yeong yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa rẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ò sí láyé mọ́. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tó ń dúró ní abà etíkun láti ìdájí, tí wọ́n ń la ìkarahun òkun láti yọ ẹran inú rẹ̀; bí ẹ bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀bẹ ti jẹ nínú ọwọ́ náà. Nígbà tí Pyo kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ Jinju yẹn fún wọn, ọmọ náà dúró lẹ́yìn kíláàsì, ó béèrè bóyá èèyàn lè máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó sì máa gbowó oṣù. Ọkàn rẹ̀ ti lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Yunifásítì kan ní Jinju ń gba ẹnì kan láti ilé ìwé wa lọ́dún fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì ṣe ipò kìíní nínú báyọ́lọ́jì ni ọ̀gá ilé ìwé ń kọ̀wé fún. Àwọn tó ń ṣe báyọ́lọ́jì kò pọ̀, ẹnì kan péré ló lè gba ipò kìíní. Nínú wọn, Da-yeong àti Guk Chae-rin ló ń lé ara wọn; ó ku ọdún kan kí wọ́n jáde, àmọ́ máàkì ọdún yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ìyá Chae-rin ni alága àwọn òbí.

Nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún dé, Pyo ò fi ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ńlá ṣe ló fi síbẹ̀. Bí àìsàn bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, àwọn arántí tó ti rí ọ̀tá kì í kéré mọ́. Wọ́n á wú, àmì wọn á sì sún lọ sápá ọ̀tún. Ẹni tó bá lajú á rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ àwọn ọmọ Gam mú rúlà, wọ́n wá nọ́ńbà igun wọn, wọ́n fa ọgbà wọn sójú ibi àtijọ́. Àwọn àmì díẹ̀ tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni wọ́n kà. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé àwọn arántí ẹni yìí ti kú tán, pé àìsàn ti jẹ ẹ́ run.

Ọgbà Da-yeong tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, ó sì wà lápá ọ̀tún. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Wọn ò kú. Wọ́n wú ni. Ó jọ pé inú ń bí wọn." Pyo ka èyí sí mi létí, ó sì rẹ́rìn-ín tó dénú, tó bẹ́ẹ̀ tí tíṣà ìṣirò fi yíjú wò wá. Kí n sọ òótọ́, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Kò tíì pé ọjọ́ mélòó kan tí máàkì jáde tí àwọn ìyá fi kún ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìyá Chae-rin ló ṣíwájú. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ tutù bí omi òjò, èyí ló tilẹ̀ ń bani lẹ́rù jù. Ó ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Gam ti bá wọn kọ àlàyé tó gùn. Wọ́n ní bí ilé ìwé kò bá tún un ṣe, àwọn á gbé Pyo lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fún ìwádìí.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí máàkì jókòó lé e. Wọ́n ní àwọn òbí wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ìbéèrè náà kò lè dúró bó ṣe wà. Ọ̀nà méjì ló kù. Bí Pyo bá fọwọ́ sí i pé òun ló ṣàṣìṣe, gbogbo ọmọ á gba máàkì ìbéèrè yẹn, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á tún ṣe ìdánwò ìbéèrè náà, kò sì sí tíṣà tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí nígbà tí ìsinmi ti ń sún mọ́lé. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀: bí gbogbo ọmọ bá gba máàkì, Chae-rin ló máa ṣe ipò kìíní. Ìbéèrè yẹn nìkan ló gbé Da-yeong síwájú rẹ̀.

Igbákejì ọ̀gá wa, Bang, gbé bébà tó yẹ kó fọwọ́ sí wá bá Pyo fúnra rẹ̀, ó tún mú ìkọ̀wé dání. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bang, kò fẹ́ wàhálà fún ẹnikẹ́ni, pàápàá fún ara rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Tíṣà Pyo, bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ẹ fọwọ́ síbí. Àwọn ìyá á lọ sílé, ẹ̀yin náà á lọ sídìí ọsàn yín. Ta ló pàdánù níbẹ̀?"

Pyo ní, "Ẹnì kan."

Bang dìde. Ó fi bébà náà sílẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kó rò ó di ọ̀la. Nígbà tó lọ tán, èmi náà dá sí i, nítorí mi ò lè dákẹ́. Mo ní, "Ẹ fọwọ́ sí i, jàre. Wọ́n á ṣe ìwádìí yín títí oṣù kejì á fi kọjá, ẹ ò sì ní rí ìfẹ̀yìntì kankan gbà. Ṣé nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo? Ìyàwó yín ti ń dá já ọsàn láti ìgbà wo?" Ohun tí mo rò nìyẹn, mo sì sọ ọ́. Ó mú ìkọ̀wé náà, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó tún dé e. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní ó rẹ òun, òun á fọwọ́ sí i láàárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì, mò ń wá àwòrán òkun kan tí ẹnì kan gbé pamọ́, nígbà tí Pyo mú Da-yeong wọlé. Ó jọ pé ó fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún un fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kò lè parí rẹ̀. Ó wá bi í léèrè ta ló kọ́ ọ pé kó gbé ọgbà náà lọ sápá ọ̀tún.

Ọmọ náà rò pé òun ti ṣẹ̀. Ó wolẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Tíṣà. Gbogbo wọn ló mọ ibi tó yẹ kí wọ́n fà á sí. Èmi ò mọ̀ ọ́n, ni mo bá wò ó."

Pyo dijú. Ó pẹ́ kó tó lajú, mo ti rò pé oorun ti gbé e lọ lórí ìdúró. Ó wá ní kó máa lọ sí kíláàsì. Òun náà rìn lọ sí ọ́fíìsì Bang pẹ̀lú sílípáàsì rẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ó dá bébà náà padà fún un láìfọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Ó ní àwọn àmì tuntun lòun máa fún wọn, kí gbogbo wọn tún un wò. Bang fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara rẹ̀ mú. Ṣé ẹ rò pé àwọn ìyá gbà bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀sùn náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Pyo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Jinju bá ọmọ tó ti kọ́ rí yẹn, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kó gba ẹ̀jẹ̀ òun. Ó ní ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí tó bá ti wà nílẹ̀, Gam lè rí i. Ti òun nìkan ni kò sẹ́ni tó lè rí i tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ sì yàtọ̀, nítorí náà gbogbo àmì ló bọ́ síbi tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bi í bóyá ẹ̀rọ rí àárẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Ó ní, "Kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ọmọ ogun mi pé."

Mo ní, "Ẹ̀rọ yẹn ń parọ́."

Ní gbogbo ìgbà yìí, Gam náà ò sùn. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ó ti sọ fún wọn pé Tíṣà Pyo á tún gbé aláìsàn wá, kí wọ́n gbé ọgbà wọn lọ sápá ọ̀tún, igun márùn-ún, nọ́ńbà tuntun. Mo sọ fún Pyo. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ẹni tó bá lajú á rí i. Kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀, pé ilé lẹ́sìn náà ti gba ọmọ kan sí i.

Wọ́n ṣe ìdánwò náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ gan-an. Èmi wà lára àwọn tó ń ṣọ́ wọn, mo dúró lẹ́yìn yàrá. Wọ́n pín ìwé. Ẹ̀jẹ̀ Pyo ló wà níbẹ̀, àwọn arántí rẹ̀ ṣù jọ sápá òsì, kéékèèké, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ni wọ́n. Ibi tí nọ́ńbà Gam darí ọ̀nà sí lápá ọ̀tún, àwọn agbémì ló wà níbẹ̀, kò sí arántí kan tó ṣe gúnmọ́ láàárín wọn. Chae-rin gbé rúlà rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ìwé náà títí, ó gé èékánná jẹ, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ lásán fa ọgbà wúruwùru kan sápá òsì. Mo rí àwọn mélòó kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, ẹ má wo ìwà ìyá rẹ̀. Ìyà ìdánwò àkọ́kọ́ ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Mo wá rìn dé ẹ̀yìn Da-yeong. Ó mú rúlà dání. Mi ò tíì rí rúlà lọ́wọ́ ọmọ yìí rí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ó fi àmì sí igun kan, ó wọn ọ́n, ó fi sí èkejì. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ wúkọ́ kí ọmọ yíjú wò ó. Mo dúró síbẹ̀ bí ọ̀pá, èmi Tak tẹ́nu mi kì í dákẹ́, mo sì ń wò ó títí ó fi dé igun karùn-ún. Ó fa ìlà yípo. Ó ti gbá àwọn agbémì mọ́nú ọgbà, ó fi gbogbo arántí sílẹ̀ síta.

Nígbà tí Pyo kan ìwé rẹ̀ níbi tó ti ń máàkì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Mo rọra sọ fún un pé, "Ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ta ló máa mọ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn, Tíṣà Tak? Wíwò ni mo ń kọ́ wọn."

Ó fa ìlà pupa sí i. Chae-rin ló ṣe ipò kìíní. Àwọn ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwé, Gam lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé ọmọ òun ló gbégbá orókè, àmọ́ ẹ̀sùn tó ti lọ kò padà bọ̀. Ẹ̀sùn kì í mọ ọ̀nà ilé.

Láti ọjọ́ yẹn, Da-yeong ń sá fún Pyo. Bó bá rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á yà. Ó di ọjọ́ tí a ń ti ilé ìwé ní oṣù kìíní. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni èsì dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé wọn ò lè yọ̀ǹda Pyo lọ́dún yìí, nítorí ìwádìí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kà á, ó fi í sábẹ́ ife kọfí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìwé inú páálí padà sórí tábìlì. Mo bá a tú u. Inú ń bí mi débi pé mò ń ju àwọn ìwé náà lu tábìlì.

A wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Da-yeong wọlé. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan dání, omi ń kán nídìí rẹ̀, òórùn òkun sì kún ọ́fíìsì. Ẹran ìkarahun ni, ìyá rẹ̀ ló fi rán an. Òfin ò gbà kí tíṣà gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ, ì báà ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ọmọ náà sì mọ̀. Pyo ní kó gbé e padà fún ìyá rẹ̀, kó bá òun kí i dáadáa. Kò gbé e padà. Ó dúró síbẹ̀, omi ń kán sí bàtà rẹ̀.

Ó ní ìyá òun ló gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ìdánwò ṣe, ni ẹ̀rù bá a. Ìyá náà ní nǹkan kan wà tí àwọn ọmọ yòókù ní tí ọmọ òun ò ní, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi òṣì òun na ọmọ òun lójú òun. Ó lọ bẹ ọ̀gá abà pé kó fún òun lówó oṣù tó ń bọ̀, ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gá Gam.

Pyo ní, "Ìyá rẹ ò ṣẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ẹ ni kò bá ẹ̀jẹ̀ yẹn mu. Ó dà bíi pé o ò kíyè sí i."

"Mo rí i, Tíṣà." Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Mo rí i pé kò bá ibẹ̀ mu. Àwọn kéékèèké wà lápá òsì, mo rí wọn. Ṣùgbọ́n màmá mi ti sanwó."

Mo yíjú sí fèrèsé. Omijé bọ́ lójú mi, kí n má tan yín jẹ. Mo ti bínú sí Gam, mo ti bínú sí àwọn ìyá, mo ti bínú sí Bang. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ẹni tí mo tún fẹ́ bínú sí.

Pyo na ọwọ́ sábẹ́ ife kọfí rẹ̀, ó fa bébà ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ yẹn síta, ó rọra tì í sójú ọmọ náà kó kà á. Da-yeong kà á. Ó gbójú sókè, ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

Pyo ní kó má bẹ òun. Ó tẹ̀ síwájú, ó wá inú àwọn ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde, ó mú ìwé àmì kan tí a ò tíì rí rí, tí kò sí ọgbà kankan lára rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta àga kan sún mọ́ ọn. Ó mí kanlẹ̀, irú mímí tó máa ń mí láàárọ̀.

Ó ní, "Ìwọ ṣì ní ọdún kan níbí. Wọ́n ti fún èmi náà ní ọdún kan. Gbé ọ̀rá yẹn sílẹ̀ kó má dọ̀tí bàtà rẹ. Jókòó, kó o wò ó."